Ìkòkò Ẹ̀wà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Lè Dá Padà

"Ẹ̀gbọ́n yín yìí, ṣé ó ṣì ní ẹ̀wà yẹn lọ́wọ́ ni, àbí ìkòkò ìyá mi ló fẹ́ jogún?"

Ọmọ amọ̀kòkò ló bi mí bẹ́ẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù mi, lójú àwọn oníbàárà. Ó wá gba aṣọ tó ní kí n bá òun tú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì lọ́wọ́, mo sì dúró. Ọmọ náà kì í ṣe aláfojúdi. Sìmẹ́ǹtì ló ń tà, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń já àpò sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

Mo ní, "Ẹ̀wà wà. Kò kàn pọ̀ ni."

"Kò pọ̀ tó báwo, Ìyá Aránṣọ?"

Mo ká aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, mo nà án sí i, ó gbà á, ó lọ. Obìnrin kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní, "Nítorí ẹ̀wà, ẹ̀yin èèyàn yìí!" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀wà náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń wọ̀n lọ́jà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ṣeé sọ tán lórí ìdúró. Bí n ó bá dá ọmọ náà lóhùn bó ṣe yẹ, àfi kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Ilẹ̀ náà wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí odò tí kì í ní omi àfi lásìkò òjò. Òjò wa níhìn-ín kì í pẹ́. Ó máa ń dé bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀, á da gbogbo ohun tó rù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó ń rọ̀ sí wá dì lójú bí èépá egbò. Omi kì í wọ inú rẹ̀. Ó kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ ni, bó ṣe ń yọ̀ lórí páànù, títí yóò fi bá odò lọ. Nígbà tí ẹbí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gé ilẹ̀ náà fún ọkọ rẹ̀, ojú ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fún nírú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti bá a parí ọ̀rọ̀ ogún.

Agbẹ́kànga ni ọkọ rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ilẹ̀. Ó gbẹ́ kànga kan sí igun rẹ̀, ó rí omi nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń bá a fa erùpẹ̀ mọ́ èèkàn láàárín oko ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Nígbà tí wọ́n fa èèkàn yọ, ihò rẹ̀ kù síbẹ̀, ìgbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì bọ́ kún inú rẹ̀. Òjò dé. Ọkà bàbà tí wọ́n gbìn ga dé orúnkún, ewé rẹ̀ pọ́n, kò sì ga mọ́. Ẹyọ kan tí hóró rẹ̀ bọ́ sínú ihò èèkàn ga ju ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ̀gbọ́n mi fà á tu, ó yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò, ó rù ú wá sílé, ó sì gbé e ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bí ẹni gbé ọ̀pá àlejò pa mọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, ó mú díígà ọkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò.

Kòtò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ bí abọ́ ìjẹun, ó jìn dé ọrùn ọwọ́. Erùpẹ̀ tó bá wà jáde, á tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ bí òṣùpá àbọ̀, kí omi tó bá ń sáré bọ̀ lè kọsẹ̀ níbẹ̀. Á bu ìgbẹ́ màlúù tó ti gbó sínú rẹ̀, á fi erùpẹ̀ díẹ̀ bò ó, á sì fi í sílẹ̀ de òjò. Láàárín ìgbà náà, ikán á wá, wọ́n á jẹ ìgbẹ́ náà, wọ́n á sì lu ihò wọ inú ilẹ̀ líle tí ọwọ́ èèyàn kò lè dé. Àwọn ará àdúgbò ń wá oògùn ikán káàkiri. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ ń gbà wọ́n lálejò. Ó kó òkúta láti etí odò, ó tò ó ní ìlà ní ìdábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ náà, kí ẹsẹ̀ omi má baà yá jù.

Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Oníkòtò. Gbénàgbénà kan tó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ oko náà kọjá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá Oníkòtò! Ta ló kú lónìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbé orí sókè. "Ebi ni. Tó o bá délé, bá mi kí àwọn ẹbí rẹ̀."

Ọkùnrin náà sọ ọ̀rọ̀ yìí káàkiri ìlú fúnra rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkà bàbà ẹ̀gbọ́n mi yọ orí, tó sì wúwo débi pé ó ń tẹ̀, ìyàwó gbénàgbénà wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kòtò.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú lẹ́yìn náà, ikọ́ ló pa á. Eruku kànga ti wọ̀ ọ́ lẹ́dọ̀fóró. Díígà rẹ̀ àti kànga náà ló fi sílẹ̀ fún un. Ó ń bá iṣẹ́ lọ ní tirẹ̀. Kò fi fàtiláísà sí oko rí. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kìlọ̀ fún un. Ó ti rí i ní oko àwọn aládùúgbò pé bí òjò bá dá lọ́dún tí wọ́n bá da fàtiláísà sílẹ̀, ńṣe ló ń jó ọkà láti gbòǹgbò. Bí kòkòrò bá dé, á gún ewé dóńgóyárò, á rẹ ẹ́ sómi, á fi ọwọ̀ wọ́n ọn. Eérú ni ti àwọn kòkòrò wínníwínní. Ìdajì pòròpórò ni í fi sílẹ̀ láti bo ilẹ̀ lójú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdajì tó kù, ti Bàbá Gíga ni.

Bàbá Gíga ni darandaran tó ti ń bá wa gbé láti ìgbà tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti wà láyé. Bí a bá ti kórè tán, á kó àwọn màlúù rẹ̀ wọ oko náà. Wọ́n á jẹ pòròpórò, wọ́n á mu omi kànga, wọ́n á sì sùn sórí ilẹ̀ náà. Á fi okùn pààlà ibi tí wọ́n máa sùn, á sì máa sún okùn náà síwájú títí wọ́n á fi sùn yí gbogbo oko ká. Owó kò wọ̀ ọ́. Omi ni tirẹ̀, ìgbẹ́ ni ti ẹ̀gbọ́n mi.

Á ní, "Ìyá, èmi ni mo jèrè. Omi tiyín kò ní òórùn."

Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Dúró dìgbà tí ọkà bá pọ́n, kó o wá gbóòórùn tèmi."

Nínú kòtò wọ̀nyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkà bàbà, ló máa ń gbin ẹ̀wà tí à ń wí yìí sí. Ẹ̀wà ẹlẹ́kún là ń pè é. Ó funfun, ojú rẹ̀ sì pupa yíká, bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú. Ó máa ń nà lórí ilẹ̀, ewé rẹ̀ á bo ẹsẹ̀ ọkà, kí oòrùn má baà rí ibẹ̀ jó. Ó máa ń gbó kí òjò tó lọ, ẹ̀wà ọjà kì í sì í lè ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Ìyá amọ̀kòkò ló fún ẹ̀gbọ́n mi ní irúgbìn rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Ní gbogbo agbègbè wa, àwọn méjèèjì nìkan ló kù tó ní in. Àwọn yòókù ti jẹ tiwọn, tàbí kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀wà ọjà.

Ọ̀dá wá mú. Ẹ̀gbọ́n mi gbin ẹ̀wà, òjò já a kulẹ̀, ó kú. Ó tún gbin èyí tó kù lọ́dún kejì, ìyẹn náà kú kó tó yọ òdòdó. Bó ṣe di pé irúgbìn tán lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí n sin òun lọ sílé ìyá amọ̀kòkò.

Yàrá ìyá náà tutù, amọ̀ gbígbẹ ló ń rùn níbẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan rẹ̀. Làkúrègbé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ní ìka.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ̀wà ẹlẹ́kún ni mo wá tọrọ."

"Tìrẹ dà?"

"Mo gbìn ín, oòrùn jẹ ẹ́. Mo tún un gbìn, oòrùn tún jẹ ẹ́."

"Oòrùn yẹn mọ oúnjẹ jẹ ju ọkọ mi lọ." Ìyá náà wò mí. "Ìwọ aránṣọ, dìde, nawọ́ sí orí pẹpẹ yẹn, bá mi gbé èyí tó ní ọmọrí."

Ìkòkò kékeré kan ni, ó ṣeé gbé mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Amọ̀ ni wọ́n fi lẹ ọmọrí rẹ̀ pa. Ìyá fúnra rẹ̀ ló fi èékánná họ ọ́ ṣí. Eérú ló kún inú rẹ̀, ẹ̀wà sì wà láàárín eérú náà, ó mọ́, kòkòrò kankan kò fọwọ́ kàn án.

"Gbogbo ohun tó kù láyé mi nìyí. Ọwọ́ mi ò lè di ọkọ́ mú mọ́, ọmọ mi sì rèé, sìmẹ́ǹtì ló ń tà. Bó bá pẹ́ sí i lọ́dọ̀ mi, inú eérú ni yóò kú sí. Máa gbé e lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀, Ìyá. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀."

"Kí n fi í sílẹ̀ fún ta? Gbé e lọ! Ṣùgbọ́n wàá kún un padà fún mi."

"N ó kún un padà nígbà ìkórè."

"Dé ọrùn o. Ìkòkò yẹn ni mo mọ kẹ́yìn, ìka yìí kò ní mọ òmíràn mọ́. Tó o bá gbé e wá lófìfo, èmi àti ìwọ la máa jọ wọ inú rẹ̀."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìborùn rẹ̀ wé ìkòkò náà, ó sì gbé e mọ́ àyà délé. Kò jẹ́ kí n bá òun gbé e.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, kò sí koríko níbì kankan. Bàbá Gíga kó màlúù rẹ̀ lọ, ó pẹ́ kó tó dé, a sì ti rò pé ó ti sin ìdajì wọn. Nígbà tó padà wá, ara àwọn ẹran náà dán.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá Gíga, níbo lo ti rí koríko nírú ọdún yìí?"

"Ọlọ́run ló bá mi ṣe é. Oko ńlá kan tó wà lókè lọ́hùn-ún, koríko gbígbẹ ni wọ́n ń dì tà. Èyí tó kù nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní kí àwa darandaran máa kó o."

"Lọ́fẹ̀ẹ́?"

"Lọ́fẹ̀ẹ́! Mo tún kó èyí tó pọ̀ wá. Wò ó lórí ọmọlanke níbẹ̀ yẹn."

A bá a yọ̀. Màlúù rẹ̀ jẹ koríko náà títí òjò fi kù sí dẹ̀dẹ̀, ìgbẹ́ wọn sì pọ̀ ju ti ọdún èyíkéyìí lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kún gbogbo kòtò rẹ̀, ó sì kó èyí tó ṣẹ́ kù jọ sábẹ́ igi. Ó ń rọra kọrin bó ṣe ń ṣe é, mi ò sì tíì gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Òjò rọ̀ bó ṣe yẹ kó rọ̀. Ó gbin ọkà, ó sì gbin gbogbo ẹ̀wà inú ìkòkò. Díẹ̀ báyìí ló ní kí n bá òun tọ́jú sínú ìgò kan nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kò ju ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé lọ, nítorí pé a kì í gbé gbogbo irúgbìn lọ sóko lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀wà yọ. Ewé méjì àkọ́kọ́ dára. Èyí tó tẹ̀ lé wọn ló ká. Kò gbẹ, kò pọ́n, kò sí ojú ẹnu kòkòrò lára rẹ̀. Ó kàn ká ni, bí ìkúùkù ọmọ tuntun, kò sì là. Igi rẹ̀ lọ́ wérékéké, ó dojú bo ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pè mí. A jọ ń bẹ̀rẹ̀ wo kòtò kan lẹ́yìn òmíràn. Ó fi omi dóńgóyárò wọ́n ọn. Kò yí padà. Ó ku eérú sí i. Kò yí padà. Ó jókòó sórí òkúta, ó wo oko náà pẹ́.

Ó ní, "Ebi ló ń pa á. Ọ̀dá yẹn ti fa gbogbo agbára ilẹ̀ mu. Oúnjẹ ló ń tọrọ."

Ó lọ sí ìdí igi, ó bu ìgbẹ́ tó ṣẹ́ kù, ó sì fi kún ìdí ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún aláìsàn ní ẹ̀kọ. Èmi ni mo ń ru apẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá mọ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń ṣe iṣẹ́, ẹ ó mọ̀ pé kò fo kòtò kankan. Àwọn èyí tó ṣì ń gbìyànjú tẹ́lẹ̀, àwọn náà ká.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni ọkà bàbà. Inú kòtò kan náà ni òun àti ẹ̀wà wà, ó sì ń dàgbà bí ẹni tí wọ́n ń fà láti òkè. Àwọn èèyàn ń dúró lójú ọ̀nà láti kí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ìyá Oníkòtò, ẹ kú oríire o! Ọdún yìí tiyín ni!"

Ó ń dáhùn pé, "Ẹ ṣeun."

Èmi ni mo ronú pé ká fi àpáàdì dán an wò. Mo wá ìkòkò fífọ́ mẹ́ta, mo bu erùpẹ̀ etí ọ̀nà sínú gbogbo wọn. Ọ̀kan, mi ò fi nǹkan kan sí i. Mo fi ìgbẹ́ ewúrẹ́ ilé mi sí ìkejì. Mo fi ìgbẹ́ abẹ́ igi ẹ̀gbọ́n mi sí ìkẹta. Mo gbin ẹ̀wà inú ìgò sí wọn, díẹ̀díẹ̀, mo tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń bomi rin wọ́n bákan náà. Àkọ́kọ́ yọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ara rẹ̀ le. Èyí tó ní ìgbẹ́ ewúrẹ́ yọ, ó gbòòrò. Ìkẹta ká.

Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ kan ìkẹta.

"Àṣé èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi bọ́ ọ ní ohun tó ń pa á."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé mi ò mọ̀. Ẹ̀wà náà ò mọ̀yẹn."

A ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gun alùpùpù wá. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó mọ́, ó yí ewé kan, ó sì bi wá pé irú koríko wo ni màlúù náà jẹ. Nígbà tí a sọ fún un, ó mi orí.

"Ìyá, oògùn apako ni, èyí tí wọ́n fi ń pa èpò. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fín in. Wọ́n máa ń fín in sí oko koríko kí ewé fífẹ̀ má baà hù níbẹ̀. Kì í ṣe koríko ní nǹkan, ọkà bàbà náà sì jẹ́ ìran koríko. Ẹ̀wà ló ń pa. Màlúù á jẹ ẹ́, kò ní ṣe màlúù náà, ṣùgbọ́n oògùn náà kì í kú nínú ikùn. Á bá ìgbẹ́ jáde bó ṣe wọlé."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí ni ká fi fọ̀ ọ́ kúrò?"

"Kò sí, Ìyá."

"Eérú ńkọ́? Èédú ńkọ́?"

"Wọ́n lè dín in kù díẹ̀. Wọn ò lè mú un kúrò."

"Yóò tó ìgbà wo?"

"Ó lè jẹ́ ọdún kan. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tó ní omi dáadáa ló máa ń tètè pa á. Ilẹ̀ yín yìí…"

"Ta wá ni n ó lọ bá?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo bàtà rẹ̀. Ó ní àwọn olóko ńlá yóò ní kí a gbé ẹ̀rí wá, ẹ̀rí náà ò sì lè jáde àfi kí wọ́n gbé erùpẹ̀ lọ sí ibi ìyẹ̀wò kan tó jìnnà gan-an, òun ti kọ̀wé béèrè irú rẹ̀ rí fún ẹlòmíràn, wọn ò dá òun lóhùn. Ó ní kí Ìyá má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ló fẹ́ fi bínú sí i, ó sì fún un ní omi mu.

Bàbá Gíga wá fúnra rẹ̀ nígbà tó gbọ́. Kò lè jókòó. Ó dúró láàárín ọkà bàbà, ọkà náà sì ga jù ú lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí nǹkan bò ó mọ́lẹ̀.

"Ìyá, mo kó ikú wọlé fún yín."

"O kó oúnjẹ fún màlúù ẹ ni. Ṣé kó o jẹ́ kí wọ́n kú ni?"

"Ẹ jẹ́ ká kó o jáde. Gbogbo kòtò. Èmi àti àwọn àbúrò mi la máa kó o."

Ẹ̀gbọ́n mi mú un lọ sí ìdí kòtò kan, ó fi ọwọ́ tú erùpẹ̀ rẹ̀. Gbòǹgbò ọkà ti gba inú ìgbẹ́ náà kọjá bí òwú inú ẹ̀wù, òjò sì ti pò ó mọ́ ilẹ̀. Kò sí ẹni tó lè kó ọ̀kan kó má fa èkejì tu. Ọkà yẹn sì ni oúnjẹ ọdún náà. Bàbá Gíga rí i. Ó bo kòtò náà padà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Kò bú ẹnikẹ́ni, àwa náà ò rí ẹni bú tó wà nítòsí.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ní láti lọ sọ fún ìyá amọ̀kòkò kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. A lọ. Ìyá náà ti wà lórí ibùsùn nígbà yẹn, ọmọ rẹ̀ ti lọ ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé ó ti yọ òdòdó?" Ohun tó kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, kò tíì kí wa tán.

"Kò yọ òdòdó, Ìyá. Ó ká."

"Ó ká báwo?"

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka rẹ̀ ṣe é fún un. Ìyá náà yọ ọwọ́ tirẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Làkúrègbé ti ká gbogbo ìka rẹ̀ wọlé, kò lè là wọ́n mọ́.

"Bí tèmi?"

"Bí tiyín, Ìyá."

Ó wo ọwọ́ náà, ó kó o padà sábẹ́ aṣọ.

"Ìkòkò mi ńkọ́?"

"Ó wà. Mo tọ́jú rẹ̀."

"Má gbé e wá lófìfo o."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mi ò ní gbé e wá lófìfo."

Ẹ̀wà inú àpáàdì mi so. Ìyẹn lohun tó kù, àti bíi mélòó kan tó wà nísàlẹ̀ ìgò. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, a gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé mi, tí kò fẹ̀ ju ibi tí àgùntàn méjì lè dùbúlẹ̀ sí. Òjò tètè lọ. Mo ń fa omi, mo ń bù ú sí i, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé náà ń fẹ́ omi mu. Ohun tí a ká kò ju ohun tí a gbìn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi pò ó mọ́ eérú, ó dà á sínú ìkòkò, ó lẹ ọmọrí rẹ̀ pa. Ìyá amọ̀kòkò kú nígbà tí a ṣì ń ká a.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí ọmọ rẹ̀ sọ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Yàrá náà kò tóbi: ibùsùn kan, àpótí kan, díígà tó fara ti ògiri, àti pẹpẹ tí ìkòkò wà lórí rẹ̀. Ọmọ náà kí wa dáadáa, ó kúnlẹ̀, ó sì jókòó sórí àpótí.

Ó ní, "Mi ò wá gba ẹ̀wà, Ìyá. Ẹ̀wà wà lọ́jà. Ìkòkò yẹn ni nǹkan tí ìyá mi fi ọwọ́ rẹ̀ mọ kẹ́yìn. Kò sí òmíràn nílé."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sọ̀kalẹ̀, ó gbé e lé itan ọmọ náà. Ọmọ náà họ amọ̀ ẹnu rẹ̀, ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀. Ó mì ín. Ẹ̀wà náà kò bo ìsàlẹ̀ ìkòkò tán.

"Ìwọ̀nba tí Ìyá Aránṣọ ń sọ nìyí?"

"Òun nìyẹn."

"Ẹ dà á sínú agolo, ẹ jẹ́ kí n máa gbé ìkòkò mi lọ. Kí ló le níbẹ̀?"

Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń rò, nítorí pé èmi náà ń rò ó. Bó bá dà á jáde, ìkòkò lọ lófìfo. Bó bá fi í sílẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀wà lọ sí ilé tí kò sẹ́ni tó máa gbìn ín, gbogbo rẹ̀ sì parí síbẹ̀.

Ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Mo ṣèlérí fún un pé yóò kún kí n tó gbé e wá."

"Fún ta, Ìyá? Ẹni tó ti lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọmọ náà wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wò mí. Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara ìkòkò náà yípo, níbi tí ìka ìyá rẹ̀ ti fa ìlà sí i nígbà tó tutù, ó dé e, ó sì gbé e padà sórí pẹpẹ fúnra rẹ̀.

"Nígbà wo ló máa kún, ẹ̀yin ìyá yìí?"

Ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó ní ó dàárọ̀ o.

Òjò ọdún yìí ti ń ṣú. Ní àárọ̀ àná, ẹ̀gbọ́n mi bu erùpẹ̀ láti inú kòtò rẹ̀ káàkiri oko, ó pò ó pọ̀ sínú àpáàdì tí mo lò nígbà yẹn, ó sì gbin ẹ̀wà ọjà sí i. Ó ti kọ́kọ́ gbin irú rẹ̀ sínú erùpẹ̀ oko náà ní oṣù tó kọjá, láti fi dán ilẹ̀ wò, ìyẹn sì ká. Ó ní bóyá igun kan péré ni òun bù nígbà yẹn, òun fẹ́ tún un dán wò. Ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ti ń ràn dé. Bó bá là ní ewé kẹta, ẹ̀gbọ́n mi yóò ṣí ìkòkò, yóò sì gbin ẹ̀wà inú rẹ̀. Bó bá ká, yóò dúró de ọdún mìíràn, ara ẹ̀gbọ́n mi kò sì le mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, gbèsè náà wà nílẹ̀. Ìkòkò wà lórí pẹpẹ, ẹ̀gbọ́n mi sì ti fi amọ̀ tútù tún ẹnu rẹ̀ lẹ.